Bí A Ṣe Lè Múra Olùkọ́ Sílẹ̀ Láti Darí Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Àkàndá ní Ilé-Ìwé Wa

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, àti àwọn tí wọ́n ń dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà. Ohun tí ó dá lé ni bí a ṣe lè múra àwọn olùkọ́ tí a ní lọ́wọ́ sílẹ̀ láti darí ẹ̀kọ́ tí ó gba gbogbo ọmọ mọ́ra: ọmọ tí kò ríran, ọmọ tí kò gbọ́ràn, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, ọmọ tí wárápá ń ṣe, ọmọ àfín, akólòlò, àti ọmọ tí ẹ̀kọ́ máa ń pẹ́ kí ó tó yé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń wọ́ jù ni pé a máa ń kó àwọn olùkọ́ jọ sí gbọ̀ngàn kan fún ọjọ́ méjì, a ó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, a ó sì dá wọn padà sí ilé-ìwé tí ọ̀gá wọn kò mọ ohun tí wọ́n lọ kọ́. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè yí àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ padà, kò lè pàṣẹ pé kí a gbé kíláàsì kan sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sì ní àṣẹ lórí kọ́bọ̀ kan. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ni ètò tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba odindi ọdún ẹ̀kọ́ kan, inú ọgbà ilé-ìwé gan-an ni a sì ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan ènìyàn méjì ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan

Ọ̀gá ilé-ìwé ni ẹni àkọ́kọ́, kò sì gbọdọ̀ rán aṣojú wá. Ẹnì kejì ni olùkọ́ kan tí ó ń kọ́ni ní kíláàsì lójoojúmọ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń gbọ́ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ni mo ń pè ní olùdarí nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Àwọn kan rò pé ẹni tí ó bá ti ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ àkànṣe, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ àkàndá, nìkan ni ó yẹ kí a yàn. Ó dára púpọ̀ bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, kò sí. Ohun tí ó yẹ kí ẹ wò ni ìṣesí: ta ni ó máa ń béèrè ìdí tí ọmọ kan kò fi wá láti ọjọ́ mẹ́ta? Ta ni kì í kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ẹgba nígbà tí ọmọ kò bá dáhùn? Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ ìyókù.

Ẹ wo ọjọ́ ìfẹ̀yìntì àwọn méjèèjì kí ẹ tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kí akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ sì kọ̀wé sí SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, pé kí a má ṣe ṣí àwọn méjèèjì nípò pọ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Bí ó bá di dandan kí ọ̀kan lọ, kí èkejì dúró. Mo mọ̀ pé ìṣínípò olùkọ́ kì í sábà dúró de ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ó ti wà nínú fáìlì ṣáájú lágbára ju ẹ̀bẹ̀ tí a bẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti lẹ orúkọ mọ́ pátákó.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ òfin dáadáa

Ọ̀gá ilé-ìwé tí kò mọ òfin yóò máa rò pé àánú ni òun ń ṣe nígbà tí ó bá gba ọmọ àkàndá wọlé, yóò sì máa rò pé òun lè dá a padà nígbàkigbà tí wàhálà bá dé. Òfin tí ó ka yíya àwọn àkàndá ènìyàn sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari sì fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé àkàndá ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀ kankan, àti pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni fún un títí dé ìparí ilé-ìwé girama. Ó tún sọ pé kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba jẹ́ èyí tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè wọ̀, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tí a kọ́ fún iṣẹ́ yìí, kí Braille (ìwé alámì tí àwọn tí kò ríran ń fi ìka kà) àti èdè àmì tí àwọn tí kò gbọ́ràn ń fi ọwọ́ sọ sì wà lára ohun tí a ń kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọdún márùn-ún ni òfin náà fi sílẹ̀ kí àwọn ilé ìjọba tó di ibi tí àkàndá lè wọ̀ fàlàlà. Oṣù kìíní ọdún 2024 ni ọdún márùn-ún náà pé.

Ṣáájú ìgbà náà ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2011. Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá, àdéhùn tí abala rẹ̀ kẹrìnlélógún dá lé orí ẹ̀kọ́ pátápátá. Ẹ tẹ àwọn abala tí ó kan ẹ̀kọ́ sórí ìwé, kí ẹ túmọ̀ wọn sí Yorùbá tí ó yéni, kí ọ̀gá àti olùkọ́ kà wọ́n papọ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí ilé-ìwé wọn ti ní àti èyí tí kò ní sí ẹ̀gbẹ́ abala kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán kan tó fún èyí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá àwọn ọmọ náà rí

Ọ̀gá púpọ̀ yóò sọ pé, “Àwa kò ní irú wọn níbí.” Ẹ má ṣe jiyàn. Ẹ fún un ní ìbéèrè mẹ́fà tí àwọn onímọ̀ kárí ayé ń lò, tí a mọ̀ sí ti Washington Group: Ǹjẹ́ ìṣòro wà nínú bí ọmọ yìí ṣe ń ríran, àní bí ó bá wọ awò ojú? Nínú bí ó ṣe ń gbọ́ràn, àní bí ó bá lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn? Nínú bí ó ṣe ń rìn tàbí gun àtẹ̀gùn? Nínú bí ó ṣe ń rántí nǹkan tàbí bí ó ṣe ń pa ọkàn pọ̀? Nínú bí ó ṣe ń wẹ̀ tàbí wọ aṣọ fúnra rẹ̀? Nínú bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ tí ó sì ń yé ẹlòmíràn? Ìdáhùn mẹ́rin ni ó wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: kò sí ìṣòro, ìṣòro wà díẹ̀, ìṣòro pọ̀, kò lè ṣe é rárá. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibi kankan tí a ti béèrè orúkọ àìsàn, kò sì sí ibi tí a ti ní kí olùkọ́ di dókítà. Ohun tí ọmọ lè ṣe àti èyí tí ó ṣòro fún un nìkan ni a ń wá. Ìbéèrè mìíràn tún wà tí Washington Group àti UNICEF ṣe fún àwọn ọmọdé nìkan, tí ó gbòòrò ju mẹ́fà yìí lọ. Ẹ lò ó bí ó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Kí olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan fi ọ̀sẹ̀ méjì wo àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ọmọ tí ó ń pa ojú dé díẹ̀ kí ó tó lè ka pátákó, ọmọ tí ó máa ń wo ẹnu aládùúgbò rẹ̀ kí ó tó ṣe ohun tí olùkọ́ sọ, ọmọ tí etí rẹ̀ ń tú, ọmọ tí a ti fi sí kíláàsì kan náà lẹ́ẹ̀mejì tí kò tíì lè ka gbólóhùn kan: gbogbo wọn ti wà nínú kíláàsì, a kàn ti sọ wọ́n ní olórí kunkun tàbí ọ̀lẹ ni. Etí tí ń tú kò yẹ kí a fi ṣeré, nítorí ó wà lára ohun tí ń sọ ọmọ di ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa. Ilé ìwòsàn ni kí a darí òbí sí, kí a sì kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe da òróró tàbí àgbo sínú etí ọmọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan àwọn tí kò tíì wá sí ilé-ìwé rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn. Àwọn ọmọdé mọ ilé tí ọmọ kan wà tí kì í jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ rin ọgbà ilé-ìwé já

Kí ọ̀gá àti olùkọ́ rin láti ẹnu géètì dé kíláàsì, láti kíláàsì dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, dé ibi omi, dé ibi tí a ti ń tò ní àárọ̀, pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lọ́wọ́. Bí ọmọ tàbí àgbàlagbà kan tí ó ń lo àga onítáyà bá lè bá wọn rìn, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí yóò rí ohun tí ojú tiwọn ti mọ́. Ẹ kọ gbogbo ibi tí ó ti há sílẹ̀.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ń ṣe sí ẹnu ọ̀nà dípò àtẹ̀gùn, kí àga onítáyà lè gba ibẹ̀ wọlé, ní ìwọ̀n tirẹ̀. Fún ìwọ̀n gíga kan, gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjìlá, ó kéré tán. Bí àtẹ̀gùn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 360. Bírìkìlà tí a kò bá sọ èyí fún yóò ṣe èyí tí ó kúrú tí ó sì ga sókè jù, tí ọmọ kò ní lè gùn, tí yóò sì tún lè ti ibẹ̀ ṣubú. Àwọn nǹkan mìíràn kò ná wa ní owó kankan: ẹ gbé kíláàsì tí ọmọ náà wà wá sí ìsàlẹ̀, ẹ di ihò ojú ọ̀nà, ẹ mú òkúta tí ó wà láàárín ọgbà kúrò, ẹ kun etí àtẹ̀gùn ní ọ̀dà funfun fún àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa.

Ẹ rántí ọmọ àfín níbi ìtòlẹ́sẹẹsẹ àárọ̀. Oòrùn máa ń sun ara rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń dá ojú rẹ̀ láàmú. Ẹ jẹ́ kí ó dúró lábẹ́ òjìji, kí ó dé fìlà, kí ó wọ aṣọ alápá gígùn, kí ó sì jókòó ní iwájú ní kíláàsì, ní ibi tí oòrùn ojú fèrèsé kò ti ní lu ojú rẹ̀. Bí òfin ilé-ìwé bá sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ dé fìlà, òfin náà ni kí ọ̀gá yí padà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wọ inú kíláàsì, kí ẹ sì pẹ́ níbẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ni ó yẹ kí ó gba àkókò jù, kò sì gbọdọ̀ kéré sí sáà ẹ̀kọ́ kan gbáko. Ẹni tí yóò darí ẹ̀kọ́ gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kan pàtó, kí ó sì bá olùkọ́ náà sọ ọ́ lẹ́yìn náà láìdójú tì í.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀kọ́ ìṣirò kan ní kíláàsì kẹta. Olùkọ́ kọ 47 sí ojú pátákó, ó kọ 28 sí abẹ́ rẹ̀, ó fa ìlà, ó wá ń sọ̀rọ̀ bí ó ti ń kọ ọ́ lọ, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọmọ: “Ẹ fi èyí kún ìyẹn. Ẹ kọ èyí síbí. Ẹ gbé ìyẹn lọ sọ́hùn-ún. Ó yé yín?” Gbogbo kíláàsì dáhùn pé ó yé àwọn. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kò ríran. Èyí àti ìyẹn, ibí àti ọ̀hún ni ó gbọ́, kò sí iye kan ṣoṣo tí ó dé etí rẹ̀. Òmíràn wà níbẹ̀ tí kò gbọ́ràn dáadáa, tí ó ń wo ẹnu kí ó tó mọ ohun tí a ń sọ. Ẹ̀yìn orí olùkọ́ ni ó ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùkọ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó tilẹ̀ mọ ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Bí àwọn olùkọ́ tirẹ̀ ṣe kọ́ ọ ni ó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ó sì ran àwọn ọmọ méjèèjì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: kọ ọ́, yíjú sí àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà kí o sọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ gbogbo nǹkan. “Mo kọ ogójì ó lé méje. Mo kọ ọgbọ̀n ó dín méjì sí abẹ́ rẹ̀. Méje àti mẹ́jọ jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo kọ márùn-ún sí abẹ́ ẹyọ, mo gbé ọ̀kan lọ sí abẹ́ ẹ̀wá.” Bí olùkọ́ bá ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, ọmọ tí kò ríran yóò máa fi ìdérí ìgò ṣe ìṣirò náà lórí tábìlì rẹ̀, ọmọ tí ó ń wo ẹnu yóò rí ẹnu, ọmọ tí ó ń ríran tí ó sì ń gbọ́ràn ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ ti lọ yóò tún padà bọ̀. Ẹ kíyè sí ibi tí olùkọ́ dúró sí pẹ̀lú. Bí fèrèsé bá wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò ṣókùnkùn sí ọmọ tí ń wo ẹnu.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò pẹ̀lú àṣìṣe. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé, “Ẹ̀yin náà, kí ni ẹ rò pé ọmọ yìí rí gbà nínú ẹ̀kọ́ òní?” Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, òun fúnra rẹ̀ yóò sọ ohun tí ó ṣàìtó. Bí olùkọ́ náà bá ju olùdarí lọ ní ọjọ́ orí, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí, ẹ jẹ́ kí ọ̀wọ̀ hàn nínú bí a ti ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀: “Ẹ jọ̀wọ́ mà, mo fẹ́ kí a jọ wo nǹkan kan.” Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fẹnu kò lórí ohun kan ṣoṣo tí olùkọ́ yóò yí padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ohun márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà kò ní dúró, pàápàá fún ẹni tí ó ń kọ́ ọgọ́ta ọmọ nínú yàrá kan.

Ìrànlọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ọ. Bí ọmọ kan náà bá ń ka pátákó fún ẹnì kejì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, yóò di ọmọ ọ̀dọ̀, ẹnì kejì yóò sì di ẹrù. Ẹ máa pààrọ̀ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì wá ohun tí ọmọ àkàndá náà lè ṣe fún àwọn yòókù. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi àléébù ara pe ọmọ nínú kíláàsì, ìbáà ṣe olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn baba ńlá wa, tí wọ́n gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ arọ, abuké àti àfín bẹ́ẹ̀, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilé-ìwé rẹlẹ̀ sí èyí.

Wárápá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, nítorí pé àwọn olùkọ́ mìíràn máa ń sá nígbà tí gìrì bá gbé ọmọ. Itọ́ tàbí ìfòfò ẹnu rẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́, títí kan àwọn tí ń ta oúnjẹ nínú ọgbà: ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí ọmọ, ẹ fi ohun tí ó rọ̀ sí abẹ́ orí rẹ̀, ẹ wo aago, ẹ má ṣe dì í mú, ẹ má ṣe fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu, ẹ má ṣe da omi sí i lórí. Bí ara rẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí ó lè mí dáadáa, kí ẹnì kan sì dúró tì í títí yóò fi mọ ibi tí ó wà. Bí gìrì náà bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí òmíràn tún tẹ̀ lé e kí ó tó jí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ ṣe é bí eré ní ìpàdé òṣìṣẹ́, kí ẹnì kan dùbúlẹ̀, kí àwọn yòókù tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ti ṣe rí ni ọwọ́ máa ń rántí ní ọjọ́ tí àyà bá já.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ètò ẹ̀kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan

Fún ọmọ tí ìṣòro rẹ̀ bá pọ̀, kí olùkọ́, òbí àti ọ̀gá jókòó kí wọ́n kọ ètò kan tí kò ju ojú ìwé kan lọ. Kí ó sọ ohun tí ọmọ lè ṣe báyìí, ohun méjì tàbí mẹ́ta tí a fẹ́ kí ó lè ṣe kí sáà tó parí, ẹni tí yóò ṣe é pẹ̀lú rẹ̀, àti ọjọ́ tí a ó padà wò ó.

Ohun tí ó máa ń ṣòro fún àwọn olùkọ́ níhìn-ín ni bí a ti ń kọ àfojúsùn. “Yóò mọ ìṣirò dáadáa” kò wúlò, nítorí a kò lè mọ ọjọ́ tí ó dé. Fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè mú nǹkan, ẹ kọ ọ́ báyìí: “Bí a bá fún un ní náírà 500 tí a sì ní kí ó ra ohun tí ó jẹ́ náírà 350, yóò ka ṣéńjì náírà 150 fúnra rẹ̀, nígbà mẹ́rin nínú márùn-ún.” Ìyá rẹ̀ lè bá a ṣe èyí níbi àtẹ ọjà rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ lè wò ó ní ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo wọn ni yóò sì mọ̀ nígbà tí ó bá ti ṣeé ṣe. Kí ọ̀gá ka gbogbo ètò wọ̀nyí, kí ó sì dá èyí tí kò ṣeé wọ̀n padà pẹ̀lú ìtọ́ni.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ so ilé-ìwé pọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà

Olùkọ́ kíláàsì kò lè fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún kan mọ Braille àti èdè àmì tó ẹni tí ó fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ́ wọn. Ilé Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni Àgbà ti Ìjọba Àpapọ̀ fún Ẹ̀kọ́ Àkànṣe wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1977, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ránṣẹ́ sí ilé-ìwé yín fún ìdánrawò ìkọ́ni. Yóò ṣe wọ́n láǹfààní, yóò sì ṣe ẹ̀yin náà. Àwọn ilé-ìwé àkànṣe, irú bíi Pacelli fún àwọn tí kò ríran ní Surulere, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, àti Wesley fún àwọn tí kò gbọ́ràn ní Surulere kan náà, ní ìmọ̀ tí kò sí níbòmíràn. Ẹ mú àwọn olùdarí tuntun lọ wo irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí wọ́n fi ọwọ́ kan pátákó Braille kékeré àti abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì rí bí ọmọ ti ń fi àmì mẹ́fà péré kọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Níhìn-ín, mo fẹ́ sọ ohun kan tí àwọn kan kò ní fẹ́ gbọ́. Kí a mú ọmọ kan tí kò gbọ́ràn rárá, kí a fi sáàárín ọgọ́ta ọmọ tí kò sí ẹni tí ó mọ èdè àmì nínú wọn, kí a wá sọ pé a ti gbà á mọ́ra: irọ́ ni. Èdè gan-an ni èdè àmì jẹ́ fún ọmọ náà, ó sì nílò àwọn tí wọ́n ń sọ ọ́ ní àyíká rẹ̀, ọmọdé àti àgbà. Èdè àmì tí a ń lò jù ní àwọn ilé-ìwé wa ti ara ti Amẹ́ríkà yọ, nípasẹ̀ Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ràn, tí ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Gánà ní ọdún 1957 kí ó tó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Àdéhùn àgbáyé tí mo mẹ́nu bà lókè náà sọ pé kí a kọ́ irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní èdè àti ní ọ̀nà tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mu jù. Nítorí náà, kí olùdarí mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sọ fún òbí pé ilé-ìwé àkànṣe ni ó dára jù fún ọmọ rẹ̀ ní báyìí, tàbí kí ó kó àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn jọ sí ilé-ìwé kan ní àgbègbè náà, pẹ̀lú olùkọ́ tí ó mọ èdè àmì àti ògbufọ̀. Kí ó sì má ṣe fi èyí ṣe àwáwí láti lé ọmọ tí ilé-ìwé rẹ̀ lè kọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ lọ sí ilé

Kí olùdarí kọ́ bí a ti ń ṣe àbẹ̀wò sí òbí tí kò mú ọmọ rẹ̀ jáde. Kí ọkùnrin kan àti obìnrin kan jọ lọ ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n má ṣe mú kámẹ́rà dání. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Kí ló ṣe é?” Ẹ kí wọn dáadáa: “Ẹ kú ilé, mà. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ.” Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ràn, ohun tí ó lè ṣe fúnra rẹ̀, ẹni tí ó máa ń gbọ́ tirẹ̀ jù nínú ilé. Ìyá tí gbogbo ènìyàn ti ń bi léèrè ohun tí ó ṣe ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti bí i yóò mọ̀ pé ìbéèrè yìí yàtọ̀. Bí ó bá ní ayé ni ó ṣe é, ẹ má ṣe bá a jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ohunkóhun tí ó wù kí ó fà á, ọmọ yìí lè kọ́ ìwé, kí ẹ sì sọ ọjọ́ àti orúkọ olùkọ́ tí yóò dúró dè wọ́n ní ẹnu géètì.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ni kí ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kalẹ̀. Ẹ mú iye owó rẹ̀ lọ́wọ́ lọ, nítorí àwọn òbí a máa tètè dá sí ohun tí wọ́n bá rí iye rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ìdánwò

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ yege ní kíláàsì ni ìdánwò máa ń gbé ṣubú nítorí pé kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó tọ́ sí wọn ní àsìkò. WAEC ń ṣètò ìbéèrè Braille àti àfikún àkókò fún àwọn tí kò ríran. JAMB náà ti ní ìgbìmọ̀ kan láti ọdún 2017, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola jẹ́ alága rẹ̀, tí ó ń bójú tó ìdánwò àwọn tí kò ríran. Ìgbà ìforúkọsílẹ̀ ni kí a ti sọ ọ́, kì í ṣe ní àárọ̀ ìdánwò. Ní kíláàsì ìsàlẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ní àṣẹ láti fún ọmọ ní àfikún àkókò, láti jẹ́ kí ó dáhùn pẹ̀lú ẹnu, tàbí kí ó lo ìwé tí a tẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Kí ó kọ ọ́ sínú ètò ẹ̀kọ́ ọmọ náà kí ọ̀rọ̀ má baà di àríyànjiyàn.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ìparí ọdún àti fáìlì ìfàléni-lọ́wọ́

Ní oṣù keje, kí akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ wá sí ilé-ìwé. Kò nílò ìwé ìbéèrè gígùn. Kí ó wo iye ọmọ àkàndá tí orúkọ wọn wà nínú rẹ́jísítà ní oṣù kẹsàn-án àti iye tí wọ́n ṣì ń wá. Kí ó mú ètò ẹ̀kọ́ mẹ́ta kí ó sì béèrè pé kí ọmọ fi ohun tí a kọ síbẹ̀ hàn án. Kí ó jókòó nínú kíláàsì kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Kí ó béèrè lọ́wọ́ òbí méjì bí ọmọ wọn ṣe ń múra ní àárọ̀, bóyá ó ń sáré tàbí ó ń sunkún.

Lẹ́yìn náà, kí ọ̀gá àti olùkọ́ jọ ṣe fáìlì kan tí yóò wà ní ọ́fíìsì, kì í ṣe nílé ẹnikẹ́ni. Nínú rẹ̀ ni kí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà pẹ̀lú ètò rẹ̀, ibi tí ó máa ń jókòó àti ìdí rẹ̀, oògùn tí ó ń lò àti àkókò rẹ̀, nọ́ńbà òbí, àwọn àtúnṣe ọgbà tí a ti ṣe àti èyí tí ó kù, orúkọ ẹni tí a máa ń pè ní ilé-ìwé àkànṣe tí ó súnmọ́ wa jù, àti ẹ̀dà lẹ́tà tí a kọ sí SUBEB. Kí wọ́n ti fáìlì náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ kà. Bí ìṣínípò bá dé bá ọ̀kan nínú wọn, kí ẹni tí ń lọ fi odindi ọjọ́ kan jókòó ti ẹni tí ń bọ̀, kí wọ́n ka fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n sì jọ wọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan láti fi ojú ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ orúkọ rẹ̀ kí a tó fọwọ́ sí ìwé ìfàléni-lọ́wọ́.